Bàbá Àgbà Tó Ń Dán Ayọ̀ Wò

Bí ẹ bá ti gba àdúgbò wa kọjá rí ní Sùúrùlérè láàárọ̀, tí bàbá arúgbó kan tí ẹ ò mọ̀ rí dúró sẹ́nu géètì tó ń rẹ́rìn-ín sí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bàbá àgbà mi ni. Wọ́n ń ṣe ìwádìí ni.

Wọ́n ti kà á lórí fóònù pé àwọn onímọ̀ kan gbà pé bí ènìyàn bá fipá rẹ́rìn-ín, ọkàn lè tẹ̀ lé ẹnu, kí inú olúwarẹ̀ sì dùn ní tòótọ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbà ní àwọn ò ní dá sí ìjà wọn, àwọn á fi ara àwọn dán an wò. Wọ́n wọ bùbá àti ṣòkòtò, wọ́n bọ́ síta, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí àwọn ọmọ iléèwé. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí oníkẹ̀kẹ́ Márúwá. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí obìnrin tó ń kiri búrẹ́dì, ìyẹn sì rọra sọdá sí òdìkejì títì. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìyá kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti wọlé wá bá mi, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wá kí aláìsàn: "Àǹtí, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe Bàbá? Eyín wọn ti wà níta láti àárọ̀."

Mo jíṣẹ́ fún wọn. Wọ́n fọwọ́ pa ẹnu wọn dé, wọ́n jókòó. "Àmọ̀kẹ́," wọ́n ní, "ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló ń dùn mí, inú mi ò tíì dùn."

Tísà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, Èkó ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Èmi wá bá wọn gbé nígbà tí mo ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Sábó, ní Yábàá, tí mo rí i pé owó ilé ibẹ̀ kò bá àpò mi mu. Mo rò pé èmi ni mo wá tọ́jú wọn. Mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa fi ṣe ìdánwò.

Iṣẹ́ mi kò yé wọn, wọn ò sì fi í sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n bi mí pé kí ni à ń ṣe ní ọ́fíìsì yẹn gan-an. Mo ní à ń ṣe ohun táwọn ènìyàn ń wò lórí fóònù wọn. Wọ́n ní ṣé inú àwọn tó ń wò ó máa ń dùn.

"A kì í wo ìyẹn, sà," mo ní. "Bí wọ́n ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ la máa ń wò."

Wọ́n ronú sí i. "Ẹlẹ́wọ̀n náà máa ń pẹ́ níbẹ̀," wọ́n ní.

Àkọ́bí wọn ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo àwa ọmọ ń pè ní Dádì Ìlúpéjú, nítorí pé Ìlúpéjú ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti jẹ́ ọ̀gá ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe ike. Báyọ̀ lorúkọ wọn. Dádì Ìlúpéjú ra tẹlifíṣàn ńlá kan fún Bàbá àgbà, ó fẹ̀ débi pé a ní láti sún àga. Inú Bàbá àgbà dùn bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Dádì Ìlúpéjú wá wo bọ́ọ̀lù, wọ́n bá ìró Ìyá àgbà tí wọ́n fi bo tẹlifíṣàn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Bàbá, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́. Ó ń sinmi."

"Ó ń sinmi bí i ti báwo? Bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀!"

Bàbá àgbà wá ṣàlàyé fún wọn, bí ẹni tó wà níwájú pátákó, pé bí ohun tuntun ṣe wù kó dùn tó, á mọ́ni lára, adùn rẹ̀ á sì ṣá. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ló sọ ọ́. Tí a bá gbé e pamọ́ díẹ̀, á tún dùn bí i tàkọ́kọ́. Dádì Ìlúpéjú ní àwọn ò bá sáyẹ́ǹsì jà, àwọn kàn fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n fa ìró, Bàbá àgbà fà á padà, ìró fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Níkẹyìn, Dádì Ìlúpéjú bọ́ sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń gbọ́ bọ́ọ̀lù nínú rédíò. Lọ́jọ́ tí Bàbá àgbà ṣí aṣọ lórí tẹlifíṣàn, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì pe ọmọ wọn lórí fóònù láti tún dúpẹ́. Mo gbọ́ tí wọ́n sọ pé, "Ẹ̀ẹ̀kan lo fún mi, Báyọ̀. Èmi ṣì ń gbà á."

Àǹtí Bọ̀sẹ̀ tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn wọn ni kò fara mọ́ gbogbo eléyìí rárá. Ẹni ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ṣeré. Bàbá àgbà ti ṣe é lófin pé ẹnikẹ́ni tó bá jẹun alẹ́ nílé wa gbọ́dọ̀ sọ ohun kan tó dùn mọ́ ọn lọ́jọ́ náà kó tó bu òkèlè. Èmi máa ń sọ pé iná ò lọ. Àǹtí Bọ̀sẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ayọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń wá lórí fóònù, pé ọwọ́ Ọlọ́run ló ti ń wá, pé kí Bàbá yé fi ọ̀rọ̀ òyìnbó dí ìyẹn lójú. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ti ń tutù, Bàbá àgbà kò sì fọwọ́ kan tiwọn.

"Bọ̀sẹ̀, ta ló dá ayọ̀?"

"Ọlọ́run ni, sà."

"Ta ló dá ọpọlọ?"

"Ọlọ́run náà ni."

"Ẹni tó kọ́lé ló mọ ẹni tó fi síbẹ̀. Èmi kàn ń yọjú lójú fèrèsé ni."

Àǹtí Bọ̀sẹ̀ rẹ́rìn-ín láìfẹ́, wọ́n ní ó dáa, ohun tó dùn mọ́ àwọn lónìí ni pé Bàbá dárúkọ Ọlọ́run.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ẹ̀rín. Ikú Ìyá àgbà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni àwọn méjèèjì ti jọ wà. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá àgbà jókòó sórí àga kan nínú pálọ̀, ó sì dà bí ẹni pé wọn ò dìde níbẹ̀ mọ́. A ó gbé oúnjẹ sílẹ̀, a ó gbé e kúrò, wọn ò ní mọ èyí tí a ṣe. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ya àwòrán ọkàn sójú pátákó, tó ń fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ oríṣiríṣi ya ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé àti ọ̀nà tó ń gbà jáde, kò mọ ohun tó máa ṣe sí tirẹ̀. Mo fún wọn ní fóònù mi àtijọ́ kí wọ́n lè máa fi ka ìwé ìròyìn. Ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá ni pé kí ló ń múnú ọmọ ènìyàn dùn.

"Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn nìyí?" wọ́n bi mí. Àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohùn wọn dún bí ohùn wọn láti ọjọ́ ìsìnkú. "Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wádìí ayọ̀!"

Mo ní mo ti gbọ́ nípa wọn.

"Àmọ̀kẹ́, mo mọ orúkọ gbogbo egungun ara," wọ́n ní, "mi ò mọ ibi tí ìbànújẹ́ máa ń jókòó sí."

Ẹ má rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n ṣá o. Bàbá àgbà mi lè bínú, ìbínú wọn sì máa ń pẹ́ lára wọn bí òórùn kẹrosíìnì lára aṣọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ni Alàájì Ràímì.

Ilé wa àti ilé Alàájì kẹ̀yìn síra. Ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín, àfọ́kù ìgò ló wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n géètì kálukú kọjú sí òpópónà tirẹ̀. Páátì mọ́tò ni Alàájì tà ní Múṣin kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Igi fúrúùtù kan wà lẹ́yìn ilé wa tí Bàbá àgbà gbìn nígbà tí wọ́n bí bàbá mi, ewé rẹ̀ sì máa ń já sínú táǹkì omi Alàájì. Wọ́n sọ ọ́ títí, Bàbá àgbà kò gbọ́. Ìgbà tí Bàbá àgbà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n tó dé, Alàájì ti ní kí wọ́n gé gbogbo ẹ̀ka tó wà lápá ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì sọ síra lọ́jọ́ náà kò ṣeé kọ síbí. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pàdé níwájú ilé ìta-oògùn, ọ̀kan á máa wo òkè, ìkejì á máa wo ilẹ̀.

Nígbà tí Ìyá àgbà kú, Alàájì gbé kúlà ńlá kan ránṣẹ́ sí wa, ìrẹsì ló kún inú rẹ̀, ó ṣì gbóná. Ìyàwó ọmọ wọn ló gbé e wá. Bàbá àgbà gbójú sókè lórí àga.

"Ẹ gbé e padà fún un," wọ́n ní. "Ẹ sọ fún un pé a ti jẹun."

Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó gbé kúlà rẹ̀, ó lọ. Ó wù mí kí n gbàgbé ìyẹn nípa bàbá àgbà mi, kò ṣeé gbàgbé.

Ìgbà tí wọ́n ti dán ẹ̀rín wò, tí wọ́n ti dán ìrìn òwúrọ̀ wò, tí wọ́n ti dán títètè sùn wò, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ní, "Ibi kan náà ni gbogbo wọn ń já sí."

"Ibo nìyẹn, sà?"

"Pé ẹni tó bá ní ènìyàn nítòsí ni inú rẹ̀ ń dùn pẹ́. Kì í ṣe èrò rẹpẹtẹ o. Ẹni téèyàn lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀."

"Ẹ ní wa, Bàbá."

"Mo ní yín. Ṣùgbọ́n ẹ máa ń lọ síbi iṣẹ́." Wọ́n wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. "Ó ku ọ̀kan tí mi ò tíì dán wò."

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé, wọ́n dé fìlà, wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn. A yí gbogbo àdúgbò po, a kọjá lọ́dọ̀ fọkanáísà, a fo gọ́tà, a dé géètì Alàájì. Máígáàdì wọlé, ó jáde, ó ní Alàájì ń sùn. A sì ń gbọ́ ohùn Alàájì tí wọ́n ń bá rédíò jiyàn. Bàbá àgbà ní kò burú, àwọn á padà wá. Ìgbà tí a padà lọ, Alàájì ń wẹ̀. Ìgbà tí a tún lọ, wọ́n ń kírun, kì í sì í ṣe àsìkò ìrun kankan.

Inú ti ń bí mi. "Bàbá, ó tó gẹ́ẹ́."

"Èmi náà dá tirẹ̀ padà," wọ́n ní. "Jẹ́ kó dá mi padà kó tẹ́ ẹ lọ́rùn."

Ìgbà tó yá, Alàájì fúnra wọn ló ṣí géètì. Wọ́n wọ jàlábíà, wọ́n gbára lé ọ̀pá, orúnkún wọn ti bàjẹ́. Wọ́n wo Bàbá àgbà láti òkè délẹ̀.

"Tísà, kí lẹ wá ṣe?"

"Mo wá jẹ ìrẹsì ni."

"Ìrẹsì wo?"

"Èyí tí mo dá padà nígbà tí ìyàwó mi kú. Orí mi ò pé lọ́jọ́ náà. Tó bá ṣì kù, ẹ bù ú fún mi wá."

Alàájì gbọ́wọ́ lé géètì, mo rò pé wọ́n fẹ́ ti géètì mọ́ wa lójú ni.

"Ó ti tutù," wọ́n ní.

"Màá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ já lẹ́nu Alàájì, ó di ikọ́, wọ́n di géètì mú. Bàbá àgbà sáré mú wọn lápá kí wọ́n má ṣubú. Wọ́n se ìrẹsì mìíràn fún wa lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé àwọn ọmọ Alàájì ti kó lọ sí Kánádà, tìyàwó tọmọ, pé Alàájì nìkan àti máígáàdì ló kù nínú ilé gbàràmù yẹn. Kí a tó dìde, Alàájì ní, "Igi yẹn, Tísà, ìbínú ni mo fi gé e. Ó ti dùn mí láti ọjọ́ náà."

Láti ìgbà yẹn, ayò ni. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ta á, tí wọ́n ń pariwo pé ẹnì kejì ń jí ọmọ ayò mọ́wọ́. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "ìwọ" láàárín wọn. Bàbá àgbà wá sanra díẹ̀. Ìṣòro kan ló wà, ọ̀nà jìn, orúnkún Alàájì kò gbé wọn yí àdúgbò po, bí òjò bá sì ti rọ̀, gọ́tà á kún débi pé Bàbá àgbà náà kò ní lè fò ó.

Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, mo bá bíríkìlà lẹ́yìn ilé wa, ó ń lu ògiri. Ihò ńlá ti wà lára rẹ̀. Bàbá àgbà dúró lápá ọ̀tún, Alàájì yọ orí lápá kejì, àwọn méjèèjì ń pàṣẹ fún bíríkìlà lẹ́ẹ̀kan náà.

Dádì Ìlúpéjú dé ní alẹ́ náà, ojú wọn pọ́n. "Bàbá, ààlà ilẹ̀ ni ẹ ń fọ́ yìí! Lọ́la, àwọn ọmọ Alàájì á ti Kánádà dé, wọ́n á ní ilẹ̀ àwọn dé inú kíṣìnì wa. Ẹ ò tilẹ̀ ro ti olè!"

"Ilẹ̀kùn irin ni a máa fi síbẹ̀."

"Bí ilẹ̀kùn yẹn bá dúró, Bàbá, èmi ò ní wọ ilé yìí mọ́."

Bàbá àgbà wo ọmọ wọn. Ohùn wọn ò le rárá. "Báyọ̀, láti ọjọ́ tí mo ti mọ ògiri yìí, ó ń ṣọ́ mi. Kò kí mi rí."

Ilẹ̀kùn dúró. Dádì Ìlúpéjú náà dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ń pe Bàbá lórí fóònù, ṣùgbọ́n wọn ò wá. Kérésìmesì dé, wọn ò wá. Bàbá àgbà ò ráhùn, àmọ́ mo rí i pé wọn kì í fi aṣọ bo tẹlifíṣàn mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á tàn án sí bọ́ọ̀lù, wọ́n á sì jáde lọ síbòmíràn nítorí pé bọ́ọ̀lù kò yé wọn.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Bàbá àgbà ló jálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan. Mo ti wà ní Sábó. Wọ́n dìde láti po tíì, wọ́n sì ṣubú sílẹ̀ nínú kíṣìnì. Alàájì ti to ọmọ ayò sílẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n ń pe "Tísà! Tísà!" wọn ò gbọ́ ẹ̀sì. Wọ́n gba ẹnu ilẹ̀kùn irin wọlé, wọ́n bá ọ̀rẹ́ wọn nílẹ̀. Máígáàdì sọ fún mi pé òun ò mọ̀ pé Alàájì ṣì lè pariwo tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló jáde. Ọkọ̀ Alàájì ni wọ́n fi gbé wọn lọ sí ọsibítù, dókítà sì sọ pé bí wọ́n bá pẹ́ sí i nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá di nǹkan mìíràn.

Èmi àti Dádì Ìlúpéjú jọ dé ọsibítù. Alàájì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sálúbàtà wà lẹ́sẹ̀ wọn kan, ìkejì wà ní òfìfo, kò sì sí ọ̀pá lọ́wọ́ wọn. Dádì Ìlúpéjú dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ tòun ti kóòtù àti táì, àwọn nọ́ọ̀sì ń yà fún wọn.

"Ẹ má bínú, Alàájì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sà."

"Dìde, Báyọ̀. Dìde, ilẹ̀ tutù." Ojú Alàájì ti kún fún omi.

A gbọ́ ohùn tó gbẹ kan láti inú yàrá. Bàbá àgbà ti jí. "Ṣé Ràímì wà níta? Ẹ sọ fún un pé èmi ló kàn láti ta."

Bàbá àgbà tún lo ìgbà díẹ̀ láyé lẹ́yìn ìyẹn, ó sì dùn. Dádì Ìlúpéjú ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á wo bọ́ọ̀lù tán, wọ́n á lọ jókòó ti àwọn arúgbó méjèèjì. Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọdún yìí, mo ń bó ẹ̀pà fún Bàbá àgbà, mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè tí mi ò bi wọ́n rí. Mo ní, "Bàbá, lẹ́yìn gbogbo ìwádìí yín, kí ló ń múnú ènìyàn dùn?"

Wọ́n jẹ ẹ̀pà ẹnu wọn tán. "Ènìyàn wo?"

Mo ní ènìyàn ṣá, gbogbo ènìyàn.

"Mi ò mọ ti gbogbo ènìyàn. Ẹni tí o bá fẹ́ mọ tirẹ̀, lọ bi í léèrè."

Oorun ọ̀sán ni Bàbá àgbà bá lọ, lẹ́yìn òjò, tí gbogbo àdúgbò tutù. A sin wọ́n ní ilé wọn l'Ógbómọ̀ṣọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá àgbà. Alàájì ò lè rin ìrìn náà. Dádì Ìlúpéjú fi fídíò orí fóònù hàn wọ́n bí a ṣe ń bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n sì ń wò ó títí a fi ṣe tán.

Sátidé tí a padà dé, ilé dákẹ́ jù fún mi. Ọ́fíìsì ń pè mí, mi ò gbé e. Mo gba ẹnu ilẹ̀kùn irin kọjá. Alàájì jókòó sábẹ́ àtíbàbà kékeré tí wọ́n ṣe sẹ́yìn ilé wọn, wọ́n ń to ọmọ ayò, wọ́n ń tú u, wọ́n tún ń tò ó. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, nígbà tí mo sì yanu, ohun tó jáde nìyí:

"Alàájì, kí ló ń múnú yín dùn?"

Wọ́n gbé ọmọ ayò ọwọ́ wọn sílẹ̀. Mo bẹ̀rù pé mo ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

"Kí n rí ẹni pa láyò," wọ́n ní.

"Mi ò mọ̀ ọ́n ta, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Wọ́n ti àga kan sún mọ́ mi. "Jókòó."